Òjò Àkọ́rọ̀ Dé: Kí Lẹ Fẹ́ Fi Ṣe Lẹ́yìnkùlé Yín?



Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbá ewé gbígbẹ kiri, àwọn ìyá á sáré lọ kó aṣọ lórí okùn, òórùn ilẹ̀ á wá gbòde, òórùn tó dùn ju lọ́fínńdà lọ. Tó bá dalẹ́, esunsun á jáde. Ẹ gbé àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi, wọn á dà síbẹ̀. Ẹ yan án pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì fi mu gàárì rí, ó kù díẹ̀ fún un!

Ṣùgbọ́n inú dídùn yìí náà ló ń tan àgbẹ̀ jẹ. Òjò kan péré, wọ́n ti gbé irúgbìn àgbàdo lọ sóko. Òjò lè dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àgbàdo tó ti hù á rọ, á gbẹ, owó irúgbìn á sì wọgbó. Ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ oko wò. Bí kò bá tíì tutù jinlẹ̀ tó gígùn ọwọ́, láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, ẹ ṣì ní sùúrù.

Ẹ̀yìnkùlé yàtọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi òjò àkọ́rọ̀ ṣeré, torí bí òjò bá dá, omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tó láti fi bomi rin ín. Omi tó kọ́kọ́ ṣàn láti orí páànù náà wúlò. Eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún inú rẹ̀, ẹ má mu ún. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ dà á sí.

Ewédú ni mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń ní ewédú àwọn kì í hù, pé irúgbìn ọjà ló bàjẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Èèpo irúgbìn rẹ̀ ló le, omi kì í ráyè wọlé. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán. Ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, kí ẹ fà á yọ kíá sínú omi tútù. Tó bá pẹ́ jù, ó kú nìyẹn. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji kó gbẹ, kí ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù sójú kan, kí ẹ wá fọ́n ọn.

Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni kí ẹ dà mọ́ ilẹ̀ náà. Èyí tó ṣì tutù máa ń jó ẹ̀fọ́. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká. Ewúrẹ́ náà ń retí òjò yìí bíi tiyín.

Ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ má fà á tu. Orí rẹ̀ ni kí ẹ fi ọ̀bẹ gé, kí ìdí rẹ̀ tó gígùn ọwọ́ kù nílẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ilé. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé "tìẹ nìyí", òun ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ewé ti yọ. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ti ọbẹ̀ ọjọ́ náà.