Ẹ̀kọ́ Ìlera: Psoriasis Kì í Ṣe Ẹ̀tẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí àrùn awọ ara kan tí wọ́n ń pè ní psoriasis. Kò wọ́pọ̀ láàrin wa tó làpálàpá tàbí kúrúnà, ṣùgbọ́n ó wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ojú àwọn obìnrin tó ní in sì ń rí ju kí ara máa yún wọn lọ. A mọ èyí tí wọ́n ya abọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ nílé ọkọ. A mọ èyí tí àwọn oníbàárà kò ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nítorí ohun tí wọ́n rí ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí. Awọ ara yóò nípọn lójú kan, èépá funfun bíi fàdákà yóò sì máa bọ́ lára rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, agbárí àti ìbàdí ló ti wọ́pọ̀ jù. Àwọn ìwé òyìnbó a máa wí pé ojú rẹ̀ ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú bí aró tàbí kí ó rí bí eérú. Èékánná lè ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, oríkèé ara a sì máa ro àwọn mìíràn.

Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ẹ̀tẹ̀, nítorí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀ láyé ìjọ́un. Ojú ibi tí ẹ̀tẹ̀ wà máa ń kú. Bí a bá fi òwú kàn án, onítọ̀hún lè má mọ̀. Ti psoriasis kì í kú, ńṣe ló sábà máa ń yún. Làpálàpá ní tirẹ̀ máa ń ṣe róbótó bí òrùka, ó sì ń ràn. Psoriasis kì í ràn rárá, ìbáà ṣe nípa abọ́, aṣọ, ibùsùn tàbí ọwọ́ bíbọ̀. Ẹni tó bá ka Lẹ́fítíkù orí 13 yóò rí i pé bí ọ̀rọ̀ awọ ara kò bá dá àlùfáà lójú, ọjọ́ méje ni yóò fi dúró kí ó tó tún un wò. Àwa kì í dúró di ọ̀la kí a tó sọ èèyàn lórúkọ.

Kí ló ń fà á? Kì í ṣe àìwẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú. Ọlọ́run fi ọmọ ogun sínú ara wa láti bá kòkòrò àrùn jà. Lára ẹni tó ní psoriasis, àwọn ọmọ ogun yìí ṣìnà, awọ ara onítọ̀hún gan-an ni wọ́n dojú kọ. Awọ tuntun tó yẹ kí ó lo nǹkan bí oṣù kan kí ó tó yọ sókè, láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí méje ló ń yọ. Ti àtijọ́ kò tíì ráyè bọ́, ni wọ́n bá ń gun ara wọn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń mú.

Ó lè sùn fún ọdún púpọ̀ kí nǹkan tó jí i: ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ọgbẹ́, ọyẹ́, ìrònú, sìgá, ọtí. Àwọn oògùn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Propranolol àti atenolol tí àwọn kan ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú un le sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni chloroquine, tí ìjọba Nàìjíríà yọ kúrò ní ipò oògùn ibà àkọ́kọ́ ní 2005. (Ara yíyún tí chloroquine ń fún púpọ̀ nínú wa nígbà náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn.) Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀ o, dókítà ni kí ó sọ fún, yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n fi ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Wọn yóò ní má jẹ ẹyin, má jẹ ẹja, má jẹ ẹ̀wà. Kò sí oúnjẹ kan ṣoṣo tó ń fa psoriasis, ẹni tí a bá sì ka gbogbo ìwọ̀nyí léèwọ̀ fún, ohun tí ara fi ń tún awọ ṣe ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dájú ni ti ara sísanjù. Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Ó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ru àwọn ọmọ ogun yẹn sókè. Ìdí nìyí tí psoriasis fi sábà máa ń bá àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Bí ẹni tó sanra jù bá fọn díẹ̀, ara rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀, oògùn rẹ̀ a sì ṣiṣẹ́ jù tàtẹ̀yìnwá. Ta ni yóò sọ fún ará Ọ̀yọ́ pé kí ó má jẹ ọkà? Ṣùgbọ́n a lè dín òkèlè kù, kí a bu ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i, kí a sì jẹ́ kí mínírà di ti ọjọ́ ọdún.

Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àmọ́ àwọn tó ń mú un rọlẹ̀ wà. Òrí dára, kí a fi pa ara nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Kí a má fi kànìnkànìn ha èépá náà, nítorí ọgbẹ́ ń jí i. Àwọn dókítà awọ ara wà ní ilé ìwòsàn LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní UCH Ìbàdàn. Kí a béèrè ìwọ̀n ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wa lọ́jọ́ kan náà.

Fún ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìpara tó wà nílé rẹ̀ dání. A óò jọ ka ara páálí rẹ̀. Èyí tí a bá rí clobetasol tàbí betamethasone lára rẹ̀, oògùn tó lágbára ni: bí a bá ń lò ó láìsí dókítà, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a bá sì dá a dúró lójijì, psoriasis lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.