Bí a ti ń mú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gúnlẹ̀

Ẹ̀yin tí ń fi ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì rìn lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ gbọ́.

Bí ẹ bá súnmọ́ etí omi, ẹ dín eré kù. Kí èrò jókòó. Ẹ fi ọ̀pá wọn omi. Bí kò bá ju ìbàdí lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ìdí rẹ̀ kúrò nínú omi.

Kí ló dé? Abẹ̀bẹ̀ irin ń bẹ níbẹ̀. Bó bá gbá yẹ̀pẹ̀, á bàjẹ́. Bó bá gbá ẹsẹ̀ ọmọ tó fò sómi, á gé e. Owó lè ra abẹ̀bẹ̀ tuntun. Kò lè ra ẹsẹ̀.

Ẹ fi ọ̀pá ti ọkọ̀ dé ilẹ̀. Ìgbà náà ni kí èrò sọ̀kalẹ̀. Ẹ wọ́ ọkọ̀ gòkè, ẹ so ó mọ́ èèkàn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni a ń pa ẹ́ńjìnnì?