Ta Ni À Ń Pè Ní Ọmọ Ẹrú?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 37:12-36 àti 45:1-15.

 

Ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ni a ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti kọ́. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní Súúrùlérè ló bí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku kí wọ́n mú ọjọ́ ìdána. Àfi bí àgbàlagbà kan nínú ẹbí ṣe dìde tó ní òun kò fọwọ́ sí i. Ó ní ìwádìí tí òun ṣe fi hàn pé bàbá ńlá ọmọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ bíbí inú agbo ilé tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n rà á ni. Ó ní ọmọ ẹrú ni wọ́n. Ìyá yìí wá bi wá pé kí ni kí òun ṣe. A kò ní purọ́ fún yín, ṣe ni gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní kí ó tún lọ wádìí dáadáa. Ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, yóò ṣẹ lálẹ́. Kò sí ẹni tó rántí béèrè pé ta tiẹ̀ ni à ń pè ní ọmọ ẹrú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń wọkọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Yábàá ni a ń gba ojú ọ̀nà Herbert Macaulay kọjá lójoojúmọ́. Ọdún 1864 ni wọ́n bí Herbert Macaulay, ó kú ní ọdún 1946, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ní bàbá òṣèlú ilẹ̀ wa. Abigail ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ Girama CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i. Àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ló bí i. Bí a bá fi ìwọ̀n àgbàlagbà yẹn wọ̀n ọ́n, ọmọ-ọmọ ẹrú ni Herbert Macaulay níhà ti bàbá àti níhà ti ìyá. Èwo nínú wa ni kò ní fi ọmọ rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́dọ̀ Crowther fúnra rẹ̀, nítorí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1837. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kì í ṣe ti Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Bíbélì lédè Yorùbá, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ní ọdún 1821 ni ogun já lu ìlú wọn, Òṣóògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọdé ni Àjàyí, ọjọ́ orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní mẹ́wàá. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Ìyẹn kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí wọ́n fi gba tábà àti ọtí líle dípò rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe dé Èkó, tí wọ́n tà á fún àwọn Potogí. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ yìí kò tíì fojú kan òyìnbó rí nígbà tí àwọn tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti tà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ńkọ́? Afala ni orúkọ rẹ̀. Fún ọdún 25 kò mọ̀ bóyá ọmọ òun kú tàbí ó yè. Kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó ti òkun bọ̀ tó lè mú ìròyìn wá fún un. Òun náà ti ṣe ẹrú rí. Nígbà tí Crowther dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, tí ìròyìn kan ìyá yìí pé ọmọ rẹ̀ ti dé, kò gbà á gbọ́, gẹ́gẹ́ bí Jékọ́bù náà kò ṣe kọ́kọ́ gbàgbọ́ pé Jósẹ́fù wà láàyè. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n fojú kan ara wọn. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ni àwọn di ara àwọn mú, tí àwọn ń wo ara àwọn, tí ẹnu àwọn kò gba ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1848 ni ìyá yìí ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. A ti gbọ́ ìwàásù lórí Hánà ìyá Sámúẹ́lì láìmọye ìgbà ní àjọ̀dún àwọn ìyá. A kò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí Hánà ìyá Samuel ti Òṣóògùn.

Afala ṣe oríire. Àwọn ìyá tí ọkọ̀ ọmọ wọn kò pàdé ọkọ̀ ogun lójú òkun, àwọn tí ọmọ wọn gúnlẹ̀ sí Brazil àti Cuba, wọn kò rí wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ta ló wá tà wọ́n? Ó dùn láti dá gbogbo rẹ̀ lé òyìnbó lórí. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló mú ìbọn àti tábà wá, ọkọ̀ wọn ló kó wọn, oko wọn ni àwọn ènìyàn wa lọ ro, ọrọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde sì kọ́ ìlú fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ló jó Òṣóògùn. Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú, tí a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ akíkanjú obìnrin fún àwọn ọmọ wa, tí gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta epo, ó sì ta ènìyàn. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864. A kò sọ èyí láti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Obìnrin bíi tiwa ni, ó bímọ, ó mọ ohun tí ẹkún ìyá jẹ́, ó sì rà, ó tà.

(Ẹ má ṣe pa ẹrú àti ìwọ̀fà pọ̀ o. Ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá ni ìwọ̀fà. Bí wọ́n bá ti san owó náà, ó ń padà sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àwọn àgbà ń pè ní ẹrú lónìí, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀fà ni bàbá wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kódà bí ó bá jẹ́ ẹrú gan-an, a ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ.)

Ẹ wá wo bí ìjọ tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní Sàró ti ń padà wálé. Àwọn kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Irú ọkọ̀ tó kó wọn lọ ni wọ́n fi padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó dé sí Àgbádárìgì, James Ferguson, kọ̀wé ní ọdún 1841 sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Sàró pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rán òjíṣẹ́ Ọlọ́run sí àwọn. Nítorí ìpè yìí ni Thomas Birch Freeman ṣe gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Aláwọ̀ dúdú ni bàbá Freeman, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó fi ṣọ́ agbo níbẹ̀ ni William de Graft, ọmọ Fáńtì. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń kọrin ìyìn yẹn, wọ́n ṣì ń ta ènìyàn ní Àgbádárìgì. Àwọn tí a tà ló padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a wàásù fún àwọn tó tà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ti wí pé àwọn kò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ẹrú, níbo ni à bá wà lónìí? Ẹ tilẹ̀ ṣí ìwé orúkọ kíláàsì yín wò: Williams, Johnson, Davies, Cole. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí, Sàró ni wọ́n ti bá ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ wálé.

Ìfojúkéré yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Nígbà tó di ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ó tó bàbá bàbá wọn dé, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì dójú tì í ní gbangba. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó tẹ̀ lé e, igbákejì ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Kí àwa Mẹ́tọ́díìsì má rẹ́rìn-ín o: láti ọdún 1842 títí di 1962, odindi ọdún 120, ni ìjọ tiwa fi wà lábẹ́ òyìnbó kí Joseph Ṣórẹ̀mẹ́kún tó di Ààrẹ rẹ̀. Ní Yábàá níbí, nígbà tí ìjọba ṣí Higher College ní ọdún 1934, ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò bá ti yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, igbákejì dókítà òyìnbó ni yóò jẹ́. Ìyẹn ló bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Òwò ẹrú ti parí lójú òkun tipẹ́tipẹ́ nígbà yẹn. Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí a ti tà rí ni kò parí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, dúró ní Canterbury yẹn kan náà, ó sì tọrọ ìdáríjì lórí ohun tí ìjọ wọn ṣe sí Crowther. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ jáde. Àwa ńkọ́? Èwo nínú agbo ilé wa ni ó ti pe àwọn tí wọ́n rà jọ, tó ní ẹ má bínú? Kàkà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ogún pínpín ni a máa ń rántí pé wọn kì í ṣe ara wa. Ní tiwa o, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn ẹni tí wọ́n rà. Bí ìtìjú kan bá wà ńbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó mú owó lọ́wọ́ wá sọ́jà ni kí a ti wá a.

Nígbà tí a bá ń jíròrò ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí Jósẹ́fù sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ àti ohun tí kò sọ. Kí ẹni tó bá mọ ìtàn ilé rẹ̀ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ níhà ti ẹni tó tà tàbí níhà ti ẹni tí a tà. Ẹ má ṣe dárúkọ ilé onílé.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dá ẹbí ọkọ lóhùn, wọ́n sì ti mú ọjọ́: Sátidé kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Ó ní kí ẹgbẹ́ bá òun gbàdúrà nítorí àgbàlagbà yẹn, tó ṣì ní òun kò ní yọjú.