Ṣé ká dín atẹ́gùn táyà kù ká tó rin ìrìn àjò? Ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ lọ sí etíkun Ouidah

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin márùn-ún fẹ́ háyà ọkọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ẹ máa gba Mile 2 já sí títì Àgbádárìgì, ẹ máa kọjá Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu lọ wo etíkun Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 150 ní àlọ nìkan, ẹ sì fẹ́ padà sílé lálẹ́.

Kí ẹ tó gbéra, ẹnì kan á sọ fún fókánáísà pé: "Ẹ bá wa dín atẹ́gùn táyà kù díẹ̀. Oòrùn máa mú, kó má lọ bẹ́ lọ́nà." Ọ̀pọ̀ wa ló gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an ni wọ́n ń lọ bá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú táyà?

Ibi tí wọ́n ti sọ òótọ́ rèé: táyà tó ń gbóná, agbára atẹ́gùn inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn hóró kéékèèké inú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń sáré kiri, wọ́n ń lu ògiri táyà. Bí wọ́n bá ṣe ń gbóná ni eré wọn ń le sí i.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Bí táyà bá jẹ́ 32 psi láàárọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 27°C, tó wá gbóná dé 57°C lójú ọ̀nà, yóò lọ sókè dé nǹkan bíi 36 tàbí 37 psi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré ni wọ́n sì kọ 44 tàbí 51 psi sí lára gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tó lè gbà. Àwọn tó ṣe é ti ro ooru mọ́ ìṣirò wọn.

Kí ló wá ń bẹ́ táyà?

Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á gbóná, lẹ́yìn náà á já. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ á tẹ̀, á tún nà. Táyà ọkọ̀ kékeré ń yí bíi ìgbà 500 nínú kìlómítà kan. Kí ẹ tó dé Ouidah, ó ti tẹ̀ bíi ìgbà 75,000.

Bí atẹ́gùn bá pé, títẹ̀ náà kì í pọ̀. Bí atẹ́gùn bá kéré, tí èèyàn márùn-ún tún wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kúlà àti ẹrù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa wó wálẹ̀ gan-an. Ooru á pọ̀, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára okùn àti wáyà inú rẹ̀. Lórí eré ni yóò wá bẹ́.

Ti iyanrìn ńkọ́?

Ibì kan wà tí dídín atẹ́gùn kù ti wúlò: orí iyanrìn rírọ̀. Bàtà gogoro máa ń rì sínú iyanrìn, sílípáàsì kì í tètè rì, torí ó tẹ́ ìwúwo yín sílẹ̀ lórí ibi tó fẹ̀. Táyà tó rọ̀ díẹ̀ ń ṣe bíi sílípáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fún un padà kí ẹ tó tún gun orí ọ̀dà. Bí ẹ ò bá ní pọ́ǹpù, ẹ gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sórí ilẹ̀ líle, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé etí omi.

Kí ẹ tó sanwó háyà

1. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lára férémù ibẹ̀, ẹ máa rí ìwé tí wọ́n kọ iye atẹ́gùn sí. Òun ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mẹ́ta.

2. Ẹ wá nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní ká máa lò ó mọ. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó dáa, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó.

3. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ń ná ọ̀nà Àpápá, níbi tí kòtò àti tírélà pọ̀ sí. Bí ibì kan bá wú bíi eéwo, okùn inú rẹ̀ ti já. Ẹ má gbé e.

4. Ẹ bèèrè sípíà, jáàkì, lẹ́tà àṣẹ látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀, àti Brown Card ti ECOWAS. Brown Card ni ìwé adójútòfò tó ń ṣiṣẹ́ kọjá bọ́dà. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982.

Ìdánwò kékeré

Ìwé ara ọkọ̀ sọ pé 32. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó pé 32. Ẹ dé Àgbádárìgì, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ó di 36. Ṣé kí ẹ tú díẹ̀ dànù?

Ó tì o. Ooru ló gbé e sókè. Bí ẹ bá tú u sí 32 báyìí, tó bá tutù tán, 28 péré ló máa kù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ire o.