Fóònù Ni Kó O Kọ́kọ́ Gbé Síwájú Ìgbìmọ̀

Àbúrò mi, tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wẹ́bsáìtì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú Obbo-Aiyegunle lé ẹ lọ́wọ́, tó o sì fẹ́ kí afọ́jú àti adití náà rí i lò, má torí ẹ̀ bá ìgbìmọ̀ jà o. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

Má fi òfin bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya àwọn akànda ẹ̀dá sọ́tọ̀, iléeṣẹ́ tó bá sì rú u lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ṣùgbọ́n tó o bá kọ́kọ́ sọ ìyẹn, akápò á ní ò ń dẹ́rù ba òun.

Fóònù ni kó o gbé jáde. Tan TalkBack, ohùn tó ń ka ojú Android síta. Kọ́ alága bí wọ́n ṣe ń fi ìka fà á àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì (láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní fóònù ló burú), kó o wá ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú, kí ẹ bá mi wá ọjọ́ ìpàdé lórí wẹ́bsáìtì wa." Fláyà aláràbarà tí ọjọ́ náà wà nínú ẹ̀, tí gbogbo yín ń yìn, "àwòrán" lásán ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń pè é, àfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sábẹ́ ẹ. Dákẹ́, jẹ́ kí bàbá wá a títí. Ibẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù.

Lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀ owó. Àwọn ọmọ ìlú tó ń dáwó láti ìdálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun kò lè hàn sí wọn dáadáa, ẹni tí ò bá sì rí i kà ò ní lè dáwó níbẹ̀. WCAG, ìlànà tí wọ́n fi ń mú kí wẹ́bsáìtì ṣeé lò fún akànda ẹ̀dá, ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà àti ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán.

Ẹnìkan á sì ní kẹ́ ẹ ra irinṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń tún gbogbo wẹ́bsáìtì ṣe lójú ẹsẹ̀. Má gbà. Lọ́dún 2025, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí accessiBe, tó ń ta irú ẹ̀, san mílíọ̀nù kan dọ́là nítorí ìpolówó ẹ̀tàn.

Tí wọ́n bá ṣì ń lọ́ tìkọ̀, ìgbà yẹn ni kó o tó mẹ́nu ba òfin. Má sì béèrè ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan; mẹ́ta yìí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán, lẹ́tà tó dúdú dáadáa, àkọlé lórí àyè kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù owó. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é, kẹ́ ẹ tó túká.