Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Àgbà Tí Ó Fẹ́ Yà Sídìí Iṣẹ́ Ọnà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òwe yìí bá òṣìṣẹ́ olówó oṣù mu, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú u, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí iṣẹ́ ọnà, ìyẹn iṣẹ́ tí a ń fi òye inú àti ọgbọ́n ọwọ́ ṣe, bí ìwé kíkọ, eré ìtàgé, àwòrán yíyà tàbí àdìrẹ. Ọjọ́ orí nìkan kò tó ohun tí í dínà mọ́ ọn, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ohun tí ojú rẹ̀ sì ti rí láyé wà lára irinṣẹ́ tí yóò lò. Ohun tí ó yẹ kí ó gbé yẹ̀ wò ni èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn aṣáájú nídìí iṣẹ́ ọnà sì mọ èyí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni Hubert Ògúńdé, òṣèré orí ìtàgé, ṣì ń ṣe nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó lọ́dún 1944. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Faber tẹ ìwé Amos Tutùọlá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì kò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó jù wọ́n lọ, tí ó lọ́mọ nílé ìwé, ṣọ́ra jù wọ́n lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì tí Nàìjíríà ṣe ní 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán 8% nínú owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá 10%; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó pé 50 ọdún, tí kò sì ríṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, kò lè gbà ju 25% lọ nínú àpapọ̀ owó náà. Ẹni tí ó bá gbójú lé gbogbo rẹ̀ láti fi dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Bákan náà ni èrè gbọ́dọ̀ jẹ́ èrè ní tòótọ́: aláàdìrẹ yóò yọ owó aṣọ, aró, láfún àti owó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò kí ó tó pe ìyókù ní èrè.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, tí í ṣe agbára láti pinnu ẹni tí yóò tẹ ìwé rẹ̀ àti iye tí yóò san, wà fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti 2022. Ẹni tí ebi ń pa ni í tà á pátápátá ní owó táṣẹ́rẹ́. Owó oṣù kì í ṣe ọ̀tá iṣẹ́ ọnà. Òun ni ó ń jẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà lè kọ owó tí kò tó.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bá ti gbọ́ bùkátà ilé fún ọdún kan gbáko lórí ìwé ìṣirò, kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀, kí ó máa jí ní ìdájí ṣe é, kí ó sì wà ní ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ.