Èémí àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa àgbà a máa wí fún ọ̀dọ́ pé, "Fi ọkàn balẹ̀." Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò mọ ibi tí yóò gbé bẹ̀rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú èémí rẹ̀.

Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìwọ̀n ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rù bá dé, iye yìí a pọ̀ sí i, òkè àyà ni yóò sì máa fi mí. Ṣùgbọ́n iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn ni ó ni iṣẹ́ náà: bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ a wọlé. Òun kan náà a máa ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ láti dúró ṣánṣán. Nítorí náà, olùkọ́ tí ń kígbe pé, "Ẹ gbé èjìká sókè!" ń kọ́ ọmọ ní mímí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn ará kan ń fòyà pé àṣà ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà ni a fẹ́ mú wọ inú ìjọ. Àwa kò rí ìdí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ akọrin wa ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Bí a bá ń mí sínú, ọkàn a máa yára lù. Bí a bá ń mí síta, a rọlẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Beijing tẹ ìròyìn kan jáde nípa 40 ènìyàn. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn láti máa fi ikùn mí jẹ́jẹ́, ní ìgbà 20 láàrin ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn wọ̀nyí túbọ̀ lè fiyè sí iṣẹ́, àwọn ìmọ̀lára wọn tí kò dára sì dínkù. Ogójì ènìyàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa gbìyànjú.

Kí ọ̀dọ́ jókòó, kí ó gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ó gba imú mí sínú títí yóò fi ka 4, kí ó sì mí síta títí yóò fi ka 6. Ìṣẹ́jú 5 tó. Kí ó má ṣe fipá mí kíákíá, nítorí òòyì yóò kọ́ ọ. Èyí kò rọ́pò oògùn ẹni tí ó ní ikọ́ fée, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ohun tí ọmọ kò kà sí i lórí. Bí ìbànújẹ́ ọ̀dọ́ bá sì pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè sùn, tí kò lè jẹun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí àlùfáà ìjọ rẹ̀ sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.